Yàrá Kòkó Di Yàrá Màámi

Òkè-Àdó, Ìbàdàn. Alẹ́ Sátidé, oṣù Ṣẹ́rẹ́.

Ọ̀dà wà léèékánná mi, ọ̀dà wà nínú irun mi, ẹ̀yìn sì ń ro mí bí ẹni tó ṣe aláàárù ní Bódìjà látàárọ̀. Iná ò sí, ìyẹn kì í ṣe ìròyìn. Yàrá òkè tó jẹ́ ti ìyá mi títí di àná ni mo jókòó sí, fóònù ni mo fi ń kọ èyí kí oorun tó gbé mi lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí a ti ń tú ilé yìí tí a sì ń tò ó. Orúnkún ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́tàdínlógún ni àtẹ̀gùn wa, onígi ni, ó sì dúró ṣánṣán bí àkàbà. Màámi ti pé ọdún 78. Ní oṣù Ọ̀wàrà, mo dé láti ibi iṣẹ́, mo bá a tó jókòó sórí ẹsẹ̀ kẹsàn-án. Ó ní òun kàn ń sinmi ni. Ọmọ ayálégbé ló padà sọ fún mi pé ìyá ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí àwọn ti dé láti ilé ìwé. Ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé ìsàlẹ̀ ni yóò máa sùn.

Níbo nísàlẹ̀? Yàrá mẹ́rin ló wà níbẹ̀, méjì lápá ọ̀tún, méjì lápá òsì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ là wọ́n láàárín. Ayálégbé wà nínú méjì. Ìkẹta ni pálọ̀. Ìkẹrin ni yàrá kòkó.

Kò sí kòkó nínú yàrá kòkó láti ìgbà tí ìjọba ti tú Bọ́ọ̀dù Kòkó, àjọ tó ń bójú tó títà kòkó, ká ní 1986, ṣùgbọ́n orúkọ ò bá wọn lọ. Bàbá bàbá mi, Bàbá Oníkòkó, ló kọ́lé yìí ní 1957. Ó máa ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ níhà Ìdí-Ayùnrẹ́, á wọ̀n ọ́n, á to àpò rẹ̀ sí yàrá yẹn títí ọkọ̀ yóò fi wá kó o. Ìdí nìyẹn tí fèrèsé ibẹ̀ fi kéré bí ẹnu ilé ẹyẹlé, tó sì wà lókè téńté. Olè ni wọ́n ń sá fún. Ilẹ̀ yàrá náà sì tẹ̀ wọnú díẹ̀ níbi tí òṣùwọ̀n máa ń wà. Tí ọyẹ́ bá mú, tí ẹ ti ilẹ̀kùn rẹ̀ fún ọjọ́ méjì, ẹ ó ṣí i, ẹ ó gbọ́ òórùn kòkó. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní irọ́ ni, ó ní òórùn eku ni. Ó lè jẹ́ eku o.

Ohun tí mo kọ́kọ́ fẹ́ ni ká fẹ fèrèsé yẹn lójú. Bíríkìlà tí mo pè fi ìkúùkù kan ògiri, ó wòkè, ó mi orí. Ilé alámọ̀ ni. Simẹ́ǹtì tí a ń rí lára rẹ̀, ẹ̀wù ni wọ́n wọ̀ fún un. Amọ̀ ni inú rẹ̀, ó nípọn tó ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀, kò sì sí òpó kankan nínú rẹ̀. Ògiri fúnra rẹ̀ ló ru pákó òkè, òun náà ló ru páànù. Bíríkìlà ní, "Ẹ gbẹ́ ẹ lójú, á fún yín lésì." Mo fi fèrèsé sílẹ̀. Ìdajì òkè ilẹ̀kùn tó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé la gé kúrò, a fi irin àti nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn dí i. Afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ wọlé báyìí.

Ìṣòro kejì wà nísàlẹ̀ ògiri. Láti ilẹ̀ dé ibi orúnkún, gbogbo ọ̀dà ló ti wú, ó ń ya, ohun funfun kan bí iyọ̀ sì ń hù lára rẹ̀. Ọ̀gá akunlé ní kí a da ọ̀dà olóròóró bò ó kí ó le pa. Èmi àti ọ̀gá fà á díẹ̀. Ilé ìgbà yẹn, wọn kì í tẹ́ nọ́lọ́ọ̀nù sáàárín ìpìlẹ̀ àti ògiri, nítorí náà omi ilẹ̀ máa ń gun ògiri lọ. Tó bá jẹ́ amọ̀ nìkan ni, omi náà á jáde, afẹ́fẹ́ á gbé e. Simẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ ẹ ti dí i lọ́nà tẹ́lẹ̀. Ọ̀dà olóròóró ni yóò wá ti ilẹ̀kùn pa mọ́ ọn pátápátá. A wó simẹ́ǹtì tó ti wú náà sílẹ̀, a gbẹ́ gọ́tà síta kí omi páànù má baà máa rọ́ sí ìdí ògiri mọ́, a sì fi ògiri sílẹ̀ ní ìhòhò fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọyẹ́ ló bá wa gbẹ ẹ́. Nínú gbogbo àwọn tó ṣiṣẹ́ nínú ilé yìí, òun nìkan ni kò gba owó.

Ìfá ọ̀dà àtijọ́ ló dùn mọ́ mi jù. Omi la fi ń wọ́n ọn ká tó fá a, torí ọ̀dà ayé ijọ́un máa ń ní òjé nínú, májèlé ni eruku rẹ̀, àwọn ọmọ ayálégbé sì ń sáré nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Àjà ńkọ́? Pátákó asbẹ́sítọ́ọ̀sì ni wọ́n kàn mọ́ abẹ́ pákó òkè. Ọ̀gá ti gbé òòlù, ó fẹ́ fọ́ ọ sílẹ̀ kó fi POP rọ́pò rẹ̀, kí yàrá le "jọ tòde òní". Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò mọ́ ọn lọ́wọ́. Eruku nǹkan yẹn, tó bá wọ ẹ̀dọ̀fóró kì í jáde mọ́, ó sì lè lo ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ níbẹ̀ kó tó di àìsàn. Kò là, kò ya; a kùn ún lọ́dà bó ṣe wà, a fi í sílẹ̀. Ọ̀gá wò mí bí ahun.

Ìpele ọ̀dà márùn-ún la bá pàdé lára ògiri. Mo pe Màámi, ó wá jókòó sórí àpótí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ògiri fún mi bí ẹni ń ka ìwé.

Funfun tó ti pọ́n: "Òkú bàbá rẹ nìyẹn." Abẹ́ rẹ̀, àwọ̀ ewé: "Ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin. Bàbá rẹ ló yan àwọ̀ burúkú yẹn." Búlúù: "Òkú Bàbá Oníkòkó." Abẹ́ búlúù, pupa rẹ́súrẹ́sú kan tí n ò rí rí: "Ìkómọ tìrẹ ni. Wọ́n sáré kùn ún, ọ̀dà ò tíì gbẹ tí àlejò fi dé, aṣọ ìyá bàbá rẹ lẹ̀ mọ́ ògiri." Ìpele tó kángun sí amọ̀ ni ẹfun. Màámi fi ọwọ́ pa á, ó ní, "Èyí, mi ò tíì dé inú ilé yìí. Ìṣílé nìyẹn."

Mo dúró tèmi ti irin ìfádà lọ́wọ́. Òkú, ìyàwó, òkú, ìkómọ, ìṣílé. Láàárín nǹkan bí àádọ́rin ọdún, kò sí ìgbà kan tí ẹnikẹ́ni kun ilé yìí torí àwọn tó ń gbé inú rẹ̀. Àlejò la máa ń kun ilé dè. Tí àlejò bá ti jẹun tán tí wọ́n lọ, ìdọ̀tí á tún bẹ̀rẹ̀ sí í gun ògiri, a ò ní rí i títí ìnáwó mìíràn yóò fi dé.

Màámi ò gbé ojú kúrò lára ògiri. Ó ní, "Èyí tí ẹ fẹ́ kùn yìí wá ńkọ́, Àbẹ̀kẹ́? Ṣé ẹ ti ń múra tèmi sílẹ̀ ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín.

Kì í ṣe òun nìkan ló rò bẹ́ẹ̀. Àtìgbà tí àwọn akunlé ti gbé àkàbà wọlé ni àdúgbò ti ń bi wá. Ìyá tó ń dín àkàrà lọ́ọ̀ọ́kán wa yà wọlé ní ọjọ́ kẹta, ó ní àwọn rí i pé a ń palẹ̀ ilé mọ́, ìnáwó wo ni, ọjọ́ wo ló bọ́ sí, kí la ó wọ̀? Èmi ti ń wá èsì tó lórí tó nídìí. Màámi dáhùn láti orí àga rẹ̀: "Orúnkún mi la ń ṣe é fún. Ẹ máa tọ́jú owó aṣọ ẹbí."

Àwọ̀ tí a wá fi kùn ún, òun ló yàn án. Ọ̀gá gbé páálí àwọ̀ wá, ó ń pe orúkọ òyìnbó wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Màámi fi ìka sí ọ̀kan: "Ẹ̀kọ lèyí. Ẹ̀kọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná." Bọ́kẹ́ẹ̀tì oní-lítà 20 kan ló tó o, ó kù. Yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kéré bí ẹnu ilé ẹyẹlé wá mọ́lẹ̀ débi pé mo rí ìhò ìṣó tí n ò rí rí.

Òní wá ni kíkó ẹrù. Kò sí ohun tó burú nínú ọ̀dà, ẹrù ni iṣẹ́.

Bẹ́ẹ̀dì onírin la kọ́kọ́ gbé sọ̀ kalẹ̀, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi. Torí n ò fẹ́ kó fara kan ògiri tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ, a gbé e sáàárín yàrá. Mo tẹ́ aṣọ funfun sí i, mo to ìrọ̀rí, mo sún sẹ́yìn kí n wo iṣẹ́ ọwọ́ mi. Màámi dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Ó wo bẹ́ẹ̀dì, ó wo èmi.

"Ẹ ti tẹ́ mi báyìí? Ó ku òwú imú."

Mo wò ó lẹ́ẹ̀kejì, mo rí ohun tó rí. A sún un mọ́ ògiri kíá, a pààrọ̀ aṣọ funfun sí àdìrẹ.

Àwọn fọ́tò náà gba ogun. Nínú pálọ̀ wa, ìdí àjà ni wọ́n gbé wọn kọ́ sí, wọ́n tẹ̀ síwájú bí ẹni tó ń yọjú látòkè. Mo ti rí i níbi tí wọ́n ti ń ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́ pé ibi tí ojú gbé ni fọ́tò yẹ kó wà. Mo sọ wọ́n kalẹ̀. Màámi ní Bàbá Oníkòkó kì í ṣe ẹgbẹ́ mi tí a ó fi jọ máa wo ara wa lójú. Mo gbé wọn padà. Ká má parọ́, ibẹ̀ ló yẹ wọ́n. Ògiri ti ṣá yí wọn ká, ibi tí oníkálukú wọn máa ń wà hàn gedegbe.

Kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì ni n ò fẹ́ sọ púpọ̀ nípa rẹ̀. Tíréè, ife, abọ́ ìnáwó tó ní àwòrán òkú lára, tó fi mọ́ ti àwọn tí èmi ò mọ̀ rí. Mo ní ká pín díẹ̀ fún àwọn ayálégbé. Ó ní ẹni tó wà lára tíréè tí mo mú lọ́wọ́ yẹn ló yá òun lówó tí òun fi san owó ilé ìwé mi. Mo dá tíréè padà.

Wọ́dúróòbù ló wá dá mi lẹ́kọ̀ọ́. Yàrá òkè tí mo wà yìí, láti kékeré ni mo ti ń bínú sí wọ́dúróòbù yẹn. Kò fara ti ògiri, kò kọjú sí fèrèsé, ó kàn dá kọ̀rọ̀ bú bí ẹni tó ń bá ilé jà. Mo ti máa ń rò ó pé Màámi ò mọ ilé í tò ni. Yàrá di tèmi lónìí, mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi bá mi tì í. Ó tì í, ó gbé ẹsẹ̀ kan sí ibi tí wọ́dúróòbù kúrò, pákó sì jẹ́ "kẹ̀ẹ́", ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé dé ọrùn ẹsẹ̀. Ọlọ́run yọ ọ́, kò já sí àjà ìsàlẹ̀.

Kí a tó sọ ohunkóhun, ohùn ti ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀: "Ṣé ẹ ti gbé wọ́dúróòbù yẹn kúrò?"

Páànù ti jò síbẹ̀ rí, omi ti jẹ pákó. Wọ́n dí páànù, owó pákó ò sí, Màámi gbé wọ́dúróòbù dí ihò. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ. Ó ní kí ló dé tí a ò béèrè. Káfíńtà ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé.

Ohun tó ṣẹ́kù tí a gbé sọ̀ kalẹ̀ kẹ́yìn ni àga rẹ̀, àga onígi tó máa ń wà níwájú fèrèsé níbí. Láti ibi tí mo wà yìí, ẹ ó rí páànù tó dógùn-ún lọ títí dé Dùgbẹ̀, ẹ ó sì rí Ilé Kòkó tó yọ orí láàárín wọn, èyí tí àwọn àgbà Ìbàdàn ń pè ní Ilé Àwòṣífìlà. Àjà 26 ni, wọ́n parí rẹ̀ ní 1965. Bàbá Oníkòkó máa ń na ìka sí i pé òkúta kan wà níbẹ̀ tí òun ni òun ni ín. Màámi náà ti jogún ọ̀rọ̀ yẹn; ìrọ̀lẹ́ tí kò bá ti sí òjò, ibẹ̀ ló máa ń jókòó sí. Nígbà tí a gbé àga náà lọ, mo bi í bóyá kò ní ṣàárò. Ó ní, "Mo ti rí i tó. Kò ní sá lọ."

Ó ti tó aago mẹ́wàá ààbọ̀ báyìí. Mo rò pé ó ti sùn. Ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ nǹkan kan lórí àtẹ̀gùn: ẹsẹ̀ kan, ìsinmi; ọ̀pá, ẹsẹ̀ kan, ìsinmi. Àga rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n dìde, kí n gbé èyí tí mo jókòó lé síwájú fèrèsé kó tó dé.