Kẹ́hìndé fẹ́ fún mi ní mùdùnmúdùn eegun rẹ̀

Alẹ́ ọjọ́ Ajé, mo ń ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò oníbàárà kan ní ṣọ́ọ̀bù mi nítòsí Ọjà Ọba, ni fóònù dún. Kẹ́hìndé ni, láti Oǹdó. Kò tiẹ̀ kí mi.

"Táyé, wọ́n ti rí i! Wọ́n ti wo HIV sàn ní Jámánì. Mùdùnmúdùn inú eegun ẹlòmíì ni wọ́n ń lò. Tèmi wà ńlẹ̀. Níbo la ti máa bẹ̀rẹ̀?"

Mo yọ ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì.

Ọdún 2009 ni wọ́n ti sọ fún mi pé mo ní in, Kẹ́hìndé sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí mo sọ fún. Èmi ni mo kọ́kọ́ jáde nínú wa, ṣùgbọ́n òun lẹ̀gbọ́n. Òun ló rán mi wá tọ́ ayé wò. Bóyá ìyẹn ló ń jẹ́ kó máa ṣe bí ẹni tó jẹ mí ní gbèsè.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ yẹn le ni pé òótọ́ ni. Ká ní irọ́ ni, ǹ bá ti fi rẹ́rìn-ín, bí mo ṣe fi oníbàárà mi kan rẹ́rìn-ín tó gbé ìyẹ̀fun inú páálí wá bá mi, ₦45,000. Wọ́n kọ "stem cell" gàdàgbà sí i lára. Ó ní ó ń wo HIV, ó ń wo ìtọ̀ ṣúgà, ó ń wo ẹ̀yìn dídùn. Ohun téèyàn pò mọ́ omi mu, ikùn ló ń lọ. Ta ló máa júwe ọ̀nà eegun fún un? Mo bá a parí búláòsì rẹ̀, mo gba owó mi.

Timothy Ray Brown ni wọ́n kọ́kọ́ wò sàn, ará Amẹ́ríkà tó ń gbé ní Berlin. Kì í ṣe HIV ló gbé e dé orí bẹ́ẹ̀dì o, jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ni. Ó nílò stem cell ẹlòmíì, ìyẹn àwọn sẹ́ẹ̀lì inú mùdùnmúdùn tó ń bí ẹ̀jẹ̀ tuntun. Dókítà rẹ̀, Gero Hütter, wá rò ó pé bí a bá máa wá ẹni tó máa fún un, kí ló dé tí a ò wá ẹni tí HIV ò lè ráyè wọ̀ lára? Ilẹ̀kùn kan wà tí kòkòrò yìí máa ń gbà wọ inú sójà ara, CCR5 lorúkọ rẹ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n bí láìní in. Wọ́n rí ọ̀kan nínú wọn, wọ́n ṣe é fún Brown ní 2007, wọ́n tún un ṣe ní 2008 nígbà tí jẹjẹrẹ padà. HIV ò padà ní tiẹ̀. Ó ti pa oògùn rẹ̀ tì, kòkòrò ò sì yọjú títí tó fi kú ní 2020. Jẹjẹrẹ yẹn náà ló pa á. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka ibẹ̀ yẹn.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Adam Castillejo ní London, àti obìnrin kan ní New York tí wọ́n lo ẹ̀jẹ̀ inú okùn ìdodo ọmọ tuntun fún. Díẹ̀ ṣì ni wọ́n, nígbà tí àwa tá a ní in láyé tó bíi mílíọ̀nù 40.

Nọ́ọ̀sì tó ń fún mi ní oògùn ló là á yé mi. Wọ́n á kọ́kọ́ fi oògùn líle run mùdùnmúdùn ti tẹ́lẹ̀, bí ẹni dáná sun oko kó tó gbìn. Lásìkò yẹn, ikọ́ lásán lè gbé èèyàn lọ. Bí tuntun bá sì hù tán, ó lè wo ara tó bá nílẹ̀ bí ọ̀tá, kó dojú ìjà kọ awọ, ìfun, ẹ̀dọ̀. Àwọn kan ń kú síbẹ̀. Ẹni tí jẹjẹrẹ ti fẹ́ pa tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é fún.

Mo ro gbogbo rẹ̀ fún Kẹ́hìndé. Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ṣùgbọ́n ìbejì ni wá. Ẹ̀jẹ̀ kan náà."

Mo ní ibi tí wàhálà wà gan-an nìyẹn. Àwọn tí kò ní ilẹ̀kùn yẹn, àríwá Yúróòpù ni wọ́n wà jù, bí ẹnì kan nínú 100. Láàárín àwa dúdú, ó ṣọ̀wọ́n bí ojú. "Ilẹ̀kùn tèmi ṣí sílẹ̀, tìrẹ náà ṣí sílẹ̀ gbayawu."

Mi ò sọ fún un pé ọkùnrin kan wà ní Geneva, ní Switzerland, tí ilẹ̀kùn ẹni tó fún un ní stem cell pé pérépéré, síbẹ̀ tí kòkòrò ò tíì padà sí i lára. Ká ní mo sọ ọ́, ilẹ̀ ọjọ́ kejì á mọ́ bá a níbi tí wọ́n ti ń gba pásípọ́ọ̀tù.

Nígbà tá a wà lọ́mọdé, kògbóògùn ni wọ́n ń pe àìsàn yìí. Orúkọ yẹn ò bá mi lára mu rí. Hóró kan, aago mẹ́sàn-án alẹ́, oògùn mẹ́ta nínú ẹyọ kan, mi ò sì san kọ́bọ̀. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí kòkòrò ò ti hàn nínú àyẹ̀wò mi mọ́. Ọkọ mi ò ní in, àwọn ọmọ wa méjèèjì ò ní in. Tó bá jẹ́ pé kò gbọ́ oògùn, kí ló wá ń gbọ́?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Kẹ́hìndé wọkọ̀ wá, ó gbé ẹran ewúrẹ́ dání. Mo sè é, mo gún iyán sí i. Ó mú eegun itan kan, ó gbá a mọ́ etí àwo lẹ́ẹ̀mejì, ó fa inú ẹ̀ mu ṣùrù. Ó wá na ìkejì sí mi.

"Gbà, stem cell rèé. Èyí ò gba pásípọ́ọ̀tù."

Àṣé ó ti gbọ́ nípa ará Geneva yẹn.