Ohun Tí Ìyáàlù Kọ́ Mi Nínú Ìrìn Àjò

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé ìyáàlù kọ́ èjìká, láti ìgbà tí King Sunny Adé ti kó ẹgbẹ́ rẹ̀ káàkiri Amẹ́ríkà ní 1983 ni ọ̀pọ̀ onílù ti ń fojú sọ́nà fún irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹ máa ń bi mí ni iye tí wọ́n ń ná fún wa lóde. Ọ̀gá ẹgbẹ́ ni kí ẹ bi ní ìyẹn. Èmi fẹ́ sọ bí mo ṣe ń lo ọjọ́ mi kí alẹ́ tó lẹ́, nítorí ibẹ̀ ni mo ti ṣe àṣìṣe jù.

Ojú ìlù ni mo kọ́kọ́ máa ń fọwọ́ kàn bí mo bá jí. Ní ìgbà òtútù àkọ́kọ́ tí mo bá ẹgbẹ́ wa lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, mo ṣe bí a ti ń ṣe nílé, níbi tí a ti máa ń sá ìlù sí oòrùn tàbí kí a yá a níná díẹ̀ bí ọ̀rinrin bá ti mú kí awọ rẹ̀ dẹ̀. Mo gbé ìyáàlù mi sí ẹ̀gbẹ́ irin tí ń mú yàrá móoru, mo sì sùn lọ fọnfọn, láìmọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rinrin ló ń bá ìlù jà nínú yàrá bẹ́ẹ̀, bí kò ṣe afẹ́fẹ́ tí ooru ti fà gbẹ. Nígbà tí n ó fi jí, awọ ti fàya láti etí dé àárín. Ìlù tí mo yá ni mo lù lálẹ́ ọjọ́ náà, ọwọ́ mi kò sì mọ bí ọsán rẹ̀, ìyẹn okùn awọ tí a ń fún láti yí ohùn ìlù padà, ṣe le tó, tí ó fi jẹ́ pé níbi tí mo ti fẹ́ ohùn òkè, àárín ni ó ń dáhùn. Láti ìgbà náà, igun tó jìnnà sí ooru ni ìlù mi ń gbé, mo máa ń fi aṣọ wé e, mo sì máa ń gbé abọ́ omi sí tòsí rẹ̀. Ìlù kejì kò sì kúrò nínú ẹrù mi mọ́.

Lẹ́yìn ìlù ni mo tó ń pe ilé. Aago Lọ́ńdọ̀nù kò ni wá lára, nítorí ó bá ti Èkó dọ́gba nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, ó sì ń fi wákàtí kan péré wà lẹ́yìn nígbà òtútù. Houston ní Amẹ́ríkà ni ó ṣòro, nítorí wákàtí 6 ni ó fi wà lẹ́yìn Èkó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ó sì ń di 7 nígbà òtútù. Tẹ́lẹ̀, bí a bá ti ti òde dé ní aago mẹ́rin ìdájí ni mo ń pè, ní àkókò tí àwọn ọmọ ti wà ní iléèwé, tí ìyá wọn sì wà ní ọjà. Nísinsìnyí, aago méjìlá ọ̀sán ni mo ń pè, nígbà tí gbogbo wọn ti wọlé.

Iṣẹ́ tó gba ọ̀sán mi jù ni wíwádìí orúkọ. Ẹ mọ̀ pé ohùn nìkan ni ìlù ń gbé, kò ní ètè tí yóò fi pe ọ̀rọ̀. Bí mo bá lu Adéyẹmí, ó lè jẹ́ Olúwọlé ni ẹlòmíràn gbọ́, nítorí ohùn méjèèjì kò yàtọ̀. Oríkì tí a bá fi tẹ̀lé e ni yóò là á. Nítorí náà, kí oòrùn tó wọ̀, mo máa ń pe ẹni tó ni òde, n ó sì béèrè orúkọ òbí ìyàwó àti ti ọkọ, pẹ̀lú ìlú tí ìdílé kọ̀ọ̀kan ti ṣẹ̀ wá. N ó kọ wọ́n sínú ìwé kékeré. Ìtìjú ni ó kọ́ mi: mo ti ki bàbá ọmọ Ọ̀fà kan ní Èṣó Ìkòyí níṣojú àwọn àna rẹ̀. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó sì jókòó padà láìjó. Ká ní mo béèrè ni, Ìyèrú Ọ̀kín, oríkì àwọn ọmọ Ọ̀fà, tó ń retí ni ìbá gbọ́. Orí ìrọ̀rí ni mo ti máa ń fi kọ̀ǹgọ́ dán gbogbo rẹ̀ wò, nítorí àwọn tó wà ní yàrá kejì kò bẹ̀ wá níṣẹ́ ìlù.

Oúnjẹ kò le. Gaàrí àti omi gbígbóná ti tó, kí ẹ má sì jẹun yó lọ sí òde. Lẹ́yìn náà, n ó tún sun wákàtí méjì sí i, bí àwọn ọ̀rẹ́ tilẹ̀ ń pè mí kí n wá rajà.

Bí a bá dé ní ìdájí, bó ti wù kó rẹ̀ mí tó, n ó nu òógùn kúrò lára ọsán, n ó fi aṣọ wé ìlù, n ó gbé e padà sí igun rẹ̀, n ó sì rọ omi tuntun sínú abọ́ kí n tó bọ́ bàtà.