Ibi tí Àjàṣẹ́ ti ń rí ara rẹ̀

Ọjọ́ Àìkú, alẹ́.

Àjàṣẹ́, ìlú wa tí wọ́n tún ń pè ní Porto-Novo, kò ní òkè. Àwọn ará Ṣábẹ̀ẹ́ ní àpáta ràgàjì tí ènìyàn lè gùn kí ó sì rí ìlú láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Àwọn ará Ìbàdàn ní Òkè Ààrẹ, níbi tí Láyípo, ilé ìṣọ́ gíga nì, ti dúró láti ọdún 1936, tí ẹni tí ó bá yípo àtẹ̀gùn rẹ̀ dé òkè yóò sì rí òrùlé páànù tí ó ti dípẹtà lọ salalu níwájú rẹ̀. Tiwa ni ilẹ̀ pẹrẹsẹ tí ó rọra ń rẹlẹ̀ lọ sí etí ọ̀sà. Bí ará Àjàṣẹ́ bá fẹ́ rí ìlú rẹ̀ lápapọ̀, àfi kí ó sọ̀kalẹ̀ lọ sí ibi omi, kí ó sì kọjú padà sí ibi tí ó ti wá. Nítorí náà ni èmi kò ṣe lè gbà pé etí ọ̀sà wa àti àwọn ọgbà díẹ̀ tí ó kù fún wa jẹ́ ilẹ̀ òfìfo tí ń dúró de ẹni tí yóò kọ́lé sí i.

Ní ọ̀sán òní mo fẹsẹ̀ rìn gba inú Jardin des Plantes, bí gbogbo wa ti ń pè é. Apá kan nínú igbó ọba ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí àwọn Faransé tó sọ ọ́ di ọgbà ní ọdún 1895, tí wọ́n ń gbin irúgbìn ilẹ̀ òkèèrè síbẹ̀ láti wò ó bóyá yóò ṣe dáadáa ní ilẹ̀ wa. Ohun tí ó ń wú mi lórí ni pé àwọn ìrókò àtijọ́ kan là á já. Mo dúró pẹ́ lẹ́bàá ọ̀kan. Gbòǹgbò rẹ̀ kan yọ láti ara igi náà, ó ga dé ìbàdí mi, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń dán nítorí àwọn ọmọdé tí ń gùn ún bí ẹṣin. Aṣọ funfun tí a so mọ́ ìdí igi náà ti gba àwọ̀ amọ̀ ní ìsàlẹ̀, níbi tí òjò ti máa ń ta ẹrẹ̀ sí i.

Ènìyàn kò lè rí ìlú láti inú ọgbà yìí. Ariwo àwọn ọlọ́kadà, àwọn zemidjan wa, nìkan ni ó ń wọlé wá. Ṣùgbọ́n láti òde, láti orí afárá tí à ń gbà wọ ìlú bí a bá ń ti Kútọnu bọ̀, orí àwọn igi ńlá wà lára ohun tí ojú kọ́kọ́ ń bá pàdé. Bí ìrọ̀lẹ́ bá dé, tí oòrùn sì ń wọ̀, ẹni tí ó bá dúró níbẹ̀ yóò rí bí òrùlé ilé àtijọ́, agbọn, ilé alájà méjì-mẹ́ta àti orí ìrókò ṣe tò mọ́ ojú ọ̀run láìsí èyí tí ó bo èkejì mọ́lẹ̀. Níbi tí ilé kò bá sì dí ojú, ṣóńṣó Mọ́ṣáláṣí Ńlá náà máa ń yọ, èyí tí àwọn Mùsùlùmí Àgùdà tí bàbá wọn ti Bùràsíìlì padà wálé kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tí ó kọjá, tí ó sì jọ ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ará Bahia tó bẹ́ẹ̀ tí àlejò fi máa ń béèrè lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó gbà pé mọ́ṣáláṣí ni. Èmi kò mọ ìlú mìíràn tí ìtàn rẹ̀ hàn ketekete báyìí lójú sánmà.

Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tuntun ti wá dara pọ̀ mọ́ wọn. Francis Kéré, ayàwòrán ilé ọmọ Burkina Faso tí ó gba ẹ̀bùn Pritzker ní ọdún 2022, ni ó ya àwòrán rẹ̀; ọdún 2021 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Igi tí àwọn àgbà ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ láti fọ̀rọ̀ jomi tooro ọ̀rọ̀ ni ó fi ṣe àpẹẹrẹ: ìsàlẹ̀ ilé náà dàbí ìtì igi, òkè rẹ̀ sì fẹ̀ bí orí igi, pẹ̀lú àgbàlá láàárín tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Ọgbà fún gbogbo ènìyàn, pẹ̀lú igi àti ewéko ilẹ̀ wa, wà nínú ètò náà. Inú mi dùn sí i gan-an, mo sì ń gbàdúrà pé kí ẹnu ọ̀nà ọgbà náà máa wà ní ṣíṣí fún ọmọdé àti fún ìyá tí ó gbé igbá lórí, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú àwòrán.

Mo bá àbúrò mi tí ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù sọ̀rọ̀ lórí fóònù nípa gbogbo èyí. Ó sọ fún mi pé ìlú náà ní ìlànà tí ń dáàbò bo ohun tí ojú ń rí láti inú ọgbà. Láti ìgbà tí ó ku díẹ̀ kí Ogun Àgbáyé Kejì bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣọ́ bí ilé ṣe ń ga sí ní àyíká kàtídírà St Paul's, kí ó má baà sọnù láàárín ilé. Lónìí, ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ilé gogoro gbọ́dọ̀ wo ohun tí yóò dí fún ẹni tí ó dúró ní Primrose Hill, ní Parliament Hill, tàbí nínú ọgbà Greenwich. Ní Richmond Park, òkìtì kan wà tí ènìyàn ti lè rí kàtídírà náà láti nǹkan bí kìlómítà 16. Wọ́n ń gé ẹ̀ka igi láti fi ojú ihò kan sílẹ̀ kí ojú lè ríbi gbà. Mo ní kí ó tún un sọ. Wọ́n ń gé ẹ̀ka igi nítorí ìwòran!

Nígbà tí mo dé etí ọ̀sà, mo jókòó ti ìyá kan tí ń dín àkàrà.

“Ẹ kú ọrọ̀ ajé, ìyá.”

“Ajé á wá o, ọmọ mi. Jókòó síbí, afẹ́fẹ́ wà.”

Ó ní láti kékeré ni òun ti ń bá ìyá òun jókòó níbẹ̀, tí àwọn ń wo ọ̀nà omi bóyá ọkọ̀ Àgbádárìgì ń bọ̀, nítorí ọ̀sà yìí kan náà ni ó lọ títí dé Èkó. Ó wá fi ìpàkọ́ júwe odi bíríkì kan tí ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ dé etí omi, lórí ilẹ̀ tí gbogbo wa ti ń gbà kọjá. “Ìjelòó, mo ń rí ọkọ̀ láti ìdí ààrò mi. Nísinsìnyí, àfi kí n dìde.” Bẹ́ẹ̀ ni ó rí: láti orí àpótí rẹ̀, odi náà gé ìdajì ọ̀sà kúrò, ó sì gé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ìlú tí ó wà lẹ́yìn wa kúrò lójú àwọn apẹja tí ń bọ̀ láti orí omi. Odi kan péré ni o. Bí onílẹ̀ márùn-ún bá ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ̀léra, ibi ìwòran tí a ní ti tán.

Kò pọn dandan kí a náwó púpọ̀. Kí ìlú yan àwọn ibi tí ó ṣe kókó, kí ó sì fà á sórí ìwé pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dí wọn: orí afárá, etí ọ̀sà níbi tí ìyá alákàrà yìí jókòó, àti ojú ọ̀nà tí ń sọ̀kalẹ̀ láti gbàgede Bayol. Ẹni tí ó ní ilẹ̀ létí omi lè kọ́lé, ṣùgbọ́n kí ó fi ọ̀nà ẹsẹ̀ sílẹ̀, kí odi rẹ̀ má sì ga ju àyà ènìyàn lọ. Kí a gbin igi tí ń ṣe ìbòòji, kí a sì gbé bẹ́ǹṣì síbẹ̀, àwọn kan kí ó kọjú sí omi, àwọn kan kí ó kọjú sí ìlú. Àbúrò mi ti ṣèlérí pé òun yóò fi máàpù tí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù fi fa ìlà ìwòran tiwọn ránṣẹ́. Ìpàdé àdúgbò wa yóò wáyé ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Èmi yóò mú un lọ, mo sì ti bẹ ìyá alákàrà kí ó bá mi wá, kí ó lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí odi náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀.