Inú orin nìyẹn

Mo lọ di ṣùkú ní Tààkì lónìí. Iná ò sí, mo fọ aṣọ díẹ̀, Màámi sì ní kí n kí gbogbo yín. Gbólóhùn kan ni mo gbé délé tí kò jẹ́ kí oorun kùn mí.

Ọmọbìnrin tó ń bá mi dirun ń gbọ́ orin Beyoncé lórí fóònù, èyí tó jáde ní 2011, tó ní àwọn ọmọbìnrin ló ń ṣàkóso ayé. Òun náà ń kọ ọ́ sókè, ó ń fi òòyà gbá ẹ̀yìn àga mi. Ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin bá pè láti ilé: ebi ń pa á. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìwọ tó o ní ẹ̀yin lẹ ń ṣàkóso ayé ńkọ́?"

Ó ní, "Inú orin nìyẹn, kì í ṣe ilé wa."

Kò fajú ro. Ó nu ìpara ọwọ́ rẹ̀ sí etí yẹ̀rì, ó wọ sálúbàtà, ó lọ ro àmàlà, ó padà wá parí orí mi.

Kì í ṣe ilé wa. Èmi náà ro àmàlà dàgbà, ìyẹn kọ́ ló dùn mí. Bó ṣe sọ ọ́ ni, bí ẹni ń sọ iye tí wọ́n ń ta gaàrí.

Inú orin yẹn ń bí mi. Wọ́n ń sọ fún ọmọ pé ayé ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ a kò tíì dìbò yan obìnrin kankan ṣe gómìnà rí ní Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta, 2022, àwọn aṣòfin Àbújá da àbádòfin tó fẹ́ 35% ipò ẹgbẹ́ òṣèlú fún obìnrin nù. Wọ́n da èyí tó fẹ́ kí ọkọ àjèjì tí obìnrin wa fẹ́ lè di ọmọ Nàìjíríà nù pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ òfin gbà á fún ìyàwó àjèjì tí ọkùnrin wa bá fẹ́. Ẹni tí wọ́n ti ní òun ló ń ṣàkóso, tó wá dàgbà bá ilẹ̀kùn ní títì, ara rẹ̀ ni yóò dá lẹ́bi. Yóò ní òun ò gbóyà tó. Ẹ̀tàn ni mo pè é.

Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò tan ọmọ yìí. Ó mọ̀. Ó ti tètè mọ̀ jù...

Àti pé, nígbà tiwa, ta ló tó kọrin sókè báyẹn lójú oníbàárà? Orin náà ṣe nǹkan fún un, mo rí i lójú rẹ̀. Beyoncé yìí kan náà fi ohùn Chimamanda Adichie, òǹkọ̀wé ọmọ Nàìjíríà bíi tiwa, sínú orin rẹ̀ kan ní 2013, níbi tó ti ń sọ bí a ṣe ń kọ́ ọmọbìnrin pé kó má ga jù. Ọ̀rọ̀ ilé gan-an nìyẹn. Ẹni tó yẹ kó gbọ́ ọ ni kò sí ní ṣọ́ọ̀bù. Ta ló ń kọrin fún ẹ̀gbọ́n yẹn pé kó dìde, kó ro àmàlà tirẹ̀?

Mo fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ tí mo bá lọ tú irun yìí. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ìyá wọn. Òun ló ni ṣọ́ọ̀bù, òun ló ń san owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọkùnrin náà, òun náà ló gbójú sókè lónìí tó ní, "Yára lọ, ebi ń pa á." Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni màá kọ́kọ́ lọ. Mi ò tíì mọ bí màá ṣe bẹ̀rẹ̀.