Bàálù Kan Pàtó, ní Ọjọ́ Kan Pàtó

Ariwo ni mo kọ́kọ́ fi mọ bàálù ogun Tornado, kì í ṣe ojú. Nígbà tí mo dé King's Lynn ní àgbègbè Norfolk lọ́dún 2014, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ríṣẹ́, ibẹ̀ kò sì jìnnà sí Marham, níbi tí àwọn ọmọ ogun òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń kó àwọn bàálù ogun náà sí. Bí wọ́n bá ti gbéra láàárọ̀, gíláàsì fèrèsé á máa gbọ̀n, tíì inú ife á máa mì, èmi náà á sì dúró gbọnin pẹ̀lú aṣọ ìnura lọ́wọ́ títí ariwo náà yóò fi kọjá. Ọ̀kan nínú àwọn bàbá tí à ń tọ́jú kì í ta pútú ní tirẹ̀. Yóò kàn gbórí sókè díẹ̀, yóò sọ pé méjì ni wọ́n, tàbí pé mẹ́ta ni wọ́n, bí mo bá sì sáré dé ojú fèrèsé, bó ṣe wí náà ni màá bá a.

Iṣẹ́ àtúnṣe bàálù ni bàbá yìí fi gbogbo ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ṣe, ó sì ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú ẹ́ńjìnnì Tornado palẹ̀ láìmọye ìgbà. Ó ní kí n máa pe òun ní orúkọ bí ìṣe wọn níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò gbà á. Bàbá ni mo ń pè é, nígbà tí mo sì ṣàlàyé ohun tó túmọ̀ sí fún un, ó ní kí n má pe òun ní nǹkan mìíràn mọ́. Nígbà tí ọjọ́ ìbí rẹ̀ pé, mo ra páálí kan fún un, èyí tí wọ́n kó ègé ike bàálù Tornado sí, tí ẹni tó rà á yóò tò ó pọ̀ fúnra rẹ̀ kí ó lè di àwòṣe tó jẹ́ ìdá kan nínú ìdá 48 bàálù gidi. Ó ṣí páálí náà, ó yẹ ègé ike kọ̀ọ̀kan wò, lẹ́yìn náà ni ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí mi kí n lè rí bí wọ́n ṣe ń gbọ̀n. Ó ní, "Ìwọ ni yóò kọ́ ọ. Èmi á máa wò ó."

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi kọ́ èyí àkọ́kọ́. Mo tẹ̀ lé ìwé ìlànà inú páálí náà, mo kùn ún ní ọ̀dà, mo lẹ gbogbo àmì rẹ̀ mọ́ ọn, mo sì gbé e lọ sí yàrá Bàbá pẹ̀lú ayọ̀. Ó wò ó pẹ́, ó wá béèrè pé, "Èwo ni?"

Mo ní Tornado ni.

"Mo rí i pé Tornado ni. Èwo nínú wọn?"

N kò ní èsì. Ọ̀rọ̀ náà mú mi rántí bàbá tó bí mi, tó jẹ́ télọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Bí ẹnìkan bá gbé aṣọ wá pé kí ó bá òun rán agbádá fún ẹ̀gbọ́n òun, ohun tí bàbá mi máa ń kọ́kọ́ béèrè ni ibi tí ẹ̀gbọ́n náà wà, nítorí pé títí yóò fi fi téèpù wọn èjìká olúwarẹ̀, kò ní fi sísọ́ọ̀sì kan aṣọ náà. Ohun tí Bàbá ń bi mí nìyẹn. Bàálù kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ lára. Èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn yàtọ̀ sí èyí tó ti pẹ́ nínú oòrùn aṣálẹ̀, èyí tí wọ́n ti pààrọ̀ páànù kan lára rẹ̀ yàtọ̀ sí ìkejì rẹ̀, bàálù kan náà pàápàá kò sì rí bákan náà lóṣù Kejì àti lóṣù Kẹjọ. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ àwòṣe tó péye gbọ́dọ̀ yan bàálù kan pàtó, kí ó sì yan ọjọ́ kan pàtó tí àwòrán rẹ̀ wà.

Mo ra páálí mìíràn, lọ́tẹ̀ yìí rúlà ni mo kọ́kọ́ mú. Tornado gidi gùn ní mítà 16.72. Bí a bá pín in sí ọ̀nà 48, ó yẹ kí àwòṣe rẹ̀ jẹ́ mílímítà 348, ṣùgbọ́n ègé tí mo tò pọ̀ láìtíì fi gọ́ọ̀mù sí i jẹ́ 352. Mílímítà mẹ́rin kò jọ nǹkan kan lójú ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n lára bàálù gidi, ó lé ní sẹ̀ǹtímítà 17. Mo fi ayùn kékeré gé ara rẹ̀ lẹ́yìn ibi tí àwọn awakọ̀ ń jókòó, mo yọ ohun tó lé kúrò, mo sì tún un lẹ̀ pọ̀. Etí ẹ̀yìn ìyẹ́ rẹ̀ ni mo kàn lẹ́yìn èyí. Ó nípọn tó mílímítà kan, èyí tó túmọ̀ sí pé bí a bá sọ ọ́ di ńlá, yóò nípọn tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀yìn ìyẹ́ bàálù gidi tín-ín-rín. Alẹ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ha á láti inú, pẹ̀lú sáńpépà tí mo ń rẹ sínú omi, títí ìmọ́lẹ̀ iná fi fẹ́rẹ̀ẹ́ máa là á kọjá.

Ohun tó jẹ́ kí Tornado ṣòro ju bàálù mìíràn lọ ni ìyẹ́ rẹ̀. Ó lè nà án síta bí ó bá fẹ́ gbéra tàbí bà, nígbà náà ó fẹ̀ tó mítà 13.91, ó sì lè ká a sẹ́yìn bí ó bá ń sáré, tí fífẹ̀ rẹ̀ yóò fi dín kù sí mítà 8.60. Mo ká ìyẹ́ ti tèmi sẹ́yìn nítorí pé bẹ́ẹ̀ ló rí nínú àwòrán tí mo yàn, inú mi sì dùn sí i títí Bàbá fi tọ́ka sí àwọn ìkọ́ abẹ́ ìyẹ́ náà, níbi tí wọ́n ń so táńkì epo àti bọ́ǹbù kọ́. Mo ti lẹ̀ wọ́n mọ́ ìyẹ́ náà gírígírí, bí ìyẹ́ ṣe wá sẹ́yìn ni àwọn náà kọjú sí ẹ̀gbẹ́. Lára Tornado, bí ìyẹ́ bá ti ń ká ni àwọn ìkọ́ náà ń yí, kí ohun tó wà lára wọn lè máa kọjú síwájú nígbà gbogbo. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Hendon ní Lọ́ńdọ̀nù, sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn ọmọ ogun òfurufú, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lábẹ́ Tornado tó wà níbẹ̀, mo sì ya ibi tí ìkọ́ náà ti pàdé ìyẹ́ láti igun gbogbo. Lẹ́yìn náà ni mo já gbogbo rẹ̀ kúrò, tí mo sì tún un ṣe.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ tún wà níbẹ̀. Ọ̀dà eérú tó ṣú díẹ̀ ni wọ́n fi ń kun àwọn Tornado ìgbà náà, ó sì ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú ìwé ọ̀dà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n bí ẹ bá kun àwòṣe ní ọ̀dà náà gẹ́lẹ́, yóò ṣú jù. Bàálù gidi, láti òkèèrè ni à ń wò ó, afẹ́fẹ́ tó wà láàárín á sì mú àwọ̀ rẹ̀ fúyẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi da ọ̀dà funfun díẹ̀ mọ́ ọn.

Nígbà tí mo ń kùn ún ni Bàbá sọ̀rọ̀ nípa ọdún 1991, nígbà tí wọ́n fi ọ̀dà pupa rẹ́súrẹ́sú bí iyanrìn kun àwọn Tornado tó lọ sógun lágbègbè Ìráàkì. Ó wà lára àwọn tó tọ́jú wọn níbẹ̀. Ó ní òun a máa dúró síta lóru, òun a sì máa ka àwọn tó ń bà, ìgbà mìíràn sì wà tí iye náà kì í pé. Àwọn kan ti bi mí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé kí ló dé tí mo ń fi bàálù tó ń ju bọ́ǹbù ṣeré. Eré kọ́ ni mo ń fi ṣe, láti ọjọ́ tí Bàbá ti sọ ìtàn yìí ni mo sì ti mọ̀ pé nínú bàálù kọ̀ọ̀kan tí ó ń kà ni ènìyàn méjì jókòó sí, àti pé ó mọ orúkọ wọn.

Oṣù Kìíní ọdún 2019 ni Tornado ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ sẹ́nu iṣẹ́ ogun kẹ́yìn, láti Akrotiri ní Kípírọ́sì. Nígbà tí wọ́n padà sí Marham lóṣù Kejì, gbogbo wa mọ̀ pé wọn kò ní pẹ́ dákẹ́, nítorí pé oṣù Kẹta ni wọ́n fi òpin sí ogójì ọdún iṣẹ́ wọn. Àwọn bàálù ogun F-35 ti dé rọ́pò wọn láti ọdún tó ṣáájú, ariwo tiwọn sì yàtọ̀. Lọ́sẹ̀ náà ni mo gbé àwòṣe mi tó ti parí lọ sí yàrá Bàbá, tí mo gbé e ka orí pẹpẹ ojú fèrèsé.

"Èwo ni?" ló béèrè.

Mo pe nọ́ńbà rẹ̀, mo pe ọjọ́ rẹ̀. Ó mi orí, ó sún mọ́ ọn, ó sì ń fi ojú tọ ara rẹ̀ láti imú títí dé ìrù. Bí Tornado bá ti balẹ̀, irin méjì a máa ká bo ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì rẹ̀, wọn a sì dá èéfín gbígbóná padà síwájú kí ó lè fi dúró kíákíá, èéfín náà ló sì máa ń ba ìrù gíga rẹ̀ jẹ́. Bàbá ló kọ́ mi ní èyí náà. Mo ti fi ọ̀dà dúdú tó fẹ́lẹ́ wọ́n ọn síbẹ̀ níwọ̀ntúnwọ̀nsì, nítorí mo ń bẹ̀rù kí n má ba iṣẹ́ oṣù mẹ́jọ jẹ́.

"Kò tíì dúdú tó," ni Bàbá wí. "Ọwọ́ wa kì í mọ́ bí a bá fara kàn án."

Mo tún gbé e sínú páálí rẹ̀, mo gbé e padà lọ sílé lálẹ́ ọjọ́ náà, mo sì po ọ̀dà dúdú.