Gbogbo bọ́ọ̀lù òkè kọ́ là ń fọ́

Ẹ̀yin àbúrò wa ní Àjàṣẹ́ tí ẹ ti ìdí tẹ́nìsì bọ́ sí padel, eré rákẹ́ẹ̀tì tí ògiri gíláàsì wà lẹ́yìn pápá rẹ̀, mi ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń di rákẹ́ẹ̀tì mú bí ẹni di òòlù. Ẹ mọ̀ ọ́n. Smash, bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi gbogbo agbára fọ́ mọ́lẹ̀, tí ẹ fi ń dá gbogbo bọ́ọ̀lù òkè lóhùn ló sú mi. Fídíò tí ẹ ń gbé sórí WhatsApp, ẹyọ kan tó wọlé lẹ ń fi hàn. Àwọn tó kó sínú àwọ̀n ńkọ́?

Bó ṣe máa ń rí rèé. Bọ́ọ̀lù ń já bọ̀ lẹ́yìn ìlà sáfíìsì, tó fi mítà 6.95 jìnnà sí àwọ̀n. Ọ̀dọ́ wa ń fẹ̀yìn rìn, gìgísẹ̀ ló gbé gbogbo ara rẹ̀, bọ́ọ̀lù sì ti kọjá orí rẹ̀ kó tó gbá a. Bí kò bá kó sínú àwọ̀n, á balẹ̀ láàárín pápá, á lu gíláàsì, á tún fò padà síwájú ní ìwọ̀n àyà, bí oúnjẹ tí wọ́n gbé ka iwájú àlejò. Bí ẹ bá ṣe gbá a lágbára tó ló ṣe máa kúrò lára gíláàsì tó. Alátakò á wá fi sí ibi tó ṣófo, nítorí ẹni tó gbá smash ṣì wà lẹ́yìn, ó ń to ẹsẹ̀ rẹ̀.

Bandeja ló yẹ ibẹ̀. Àtẹ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ ní èdè Spéènì. Ẹ wo ẹni tó ń sọ àtẹ kalẹ̀ lórí ní ọjà Ouando: kì í jù ú. Kété tí bọ́ọ̀lù bá gòkè, ẹ kọ ẹ̀gbẹ́ sí àwọ̀n, kí rákẹ́ẹ̀tì ti wà nítòsí etí, kí ọwọ́ kejì máa nàka sí bọ́ọ̀lù. Ẹ máa gbé ẹsẹ̀ kan kọjá èkejì lọ sẹ́yìn. Ẹ pàdé rẹ̀ ní ìwọ̀n orí, níwájú èjìká díẹ̀, kí ojú rákẹ́ẹ̀tì ṣí díẹ̀ kó lè gé abẹ́ bọ́ọ̀lù. Ìdajì agbára ti tó. Igun ẹ̀yìn ni kí ẹ rán an sí; èyí tí a gé báyìí, bó bá kan gíláàsì, ilẹ̀ ló ń rọ̀ sí. Kó tó balẹ̀, kí ẹ ti máa padà sídìí àwọ̀n.

Irú ìgbá mìíràn tí wọ́n ń pè ní víbora, ìyẹn paramọ́lẹ̀, ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀lù ló ń gé, ó sì yá ju bandeja lọ. Ẹni tí bandeja rẹ̀ kò tíì dúró, kó má fọwọ́ kàn án.

Smash wà fún bọ́ọ̀lù tó bọ́ sí nǹkan bíi mítà 3 sí àwọ̀n, tó sì wà níwájú yín. Kó tó lè gba ẹ̀yìn jáde, ó ní láti fo ògiri tó ga ní mítà 4. Láàárọ̀ ọyẹ́ tí bọ́ọ̀lù tutù, kì í fò bíi tọ̀sán. Èyí tó ń lọ sídìí gíláàsì, ẹ jẹ́ kó balẹ̀, kó kan gíláàsì, kí ẹ tún gbé e sókè padà fún wọn.

Kí ẹnì kan máa gbé bọ́ọ̀lù 20 sókè fún yín, bandeja nìkan. Èyí tó bá kúrò lára gíláàsì tí kò ga ju orúnkún lọ nìkan ni kí ẹ kà.