Ọpẹ́ Mi Rèé fún Olúwa tí Ó Fún Mi Láyà Láti Fi Iṣẹ́ Báǹkì Sílẹ̀

Ẹ bá mi yin Olúwa! Ẹ̀yin ará, ìsìnkú mi ni ẹ̀yin ènìyàn mi ìbá ti péjọ sí, ṣùgbọ́n ìdúpẹ́ ni Ọlọ́run sọ ọ́ dà.

Iṣẹ́ à ń wá oníbàárà tí yóò fi owó pamọ́ ni mo ń ṣe ní báǹkì kan ní Èkó. Oṣooṣù ni wọ́n máa ń gbé tágẹ́ẹ̀tì lé wa lọ́wọ́, ẹni tí kò bá sì bá a, lẹ́tà ìkìlọ̀ ni yóò gbà. Mówé ni mo ń gbé; kí ilẹ̀ tó mọ́ ni mo ti ń wà lójú títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, àwọn ọmọ mi á sì ti sùn kí n tó wọlé. Nígbà tí òòyì gbé mi ṣubú lẹ́nu iṣẹ́, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi jẹ́ 190 lórí 120, bẹ́ẹ̀ kò yẹ kí ó kọjá 120 lórí 80. Dókítà sọ fún mi pé bí mo bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, rọpárọsẹ̀ kò jìnnà sí mi.

Síbẹ̀, ẹ̀rù bà mí. Owó ilé ìwé ń bẹ, gbèsè báǹkì ń bẹ, àwọn ẹbí sì ń bi mí pé ta ló ń fi iṣẹ́ báǹkì sílẹ̀ lóde òní. Mo gbàdúrà, mo gbààwẹ̀, Ọlọ́run sì gba ọ̀dọ̀ ọkọ mi dá mi lóhùn: ó mú ìwé àti bírò, a jọ ṣírò gbogbo ìnáwó wa, a sì pinnu láti kó lọ sí Abẹ́òkúta, níbi tí owó ilé ti rọjú. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 gbà kí ẹni tí kò tíì pé 50 ọdún, tí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ tí kò sì rí òmíràn láàárín oṣù mẹ́rin, gba ohun tí kò ju ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wà nínú àpò ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Òun ni mo fi san gbèsè, tí mo sì fi èyí tó kù kọ́ iṣẹ́ aláró, ìyẹn iṣẹ́ àdìrẹ.

Ìyá àgbà kan ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta, gbà mí ní ọmọṣẹ́ láàárín àwọn ọmọbìnrin tí mo lè bí. Ó kọ́ mi bí a ti ń fi ìko di aṣọ, bí a ti ń fi ìyẹ́ adìyẹ kọ ọnà pẹ̀lú ẹ̀kọ láfún kí aró má baà mu ibẹ̀, àti bí a ti ń sá aṣọ tí a yọ nínú aró elú, tí yóò rí bí ewé títí afẹ́fẹ́ yóò fi sọ ọ́ di dúdú. Ọjọ́ tí mo dá kọ ọnà àdìrẹ tí à ń pè ní Ìbàdàndùn, tí òpó gbọ̀ngàn Màpó ti Ìbàdàn yọ kedere lára aṣọ, omi ayọ̀ bọ́ lójú mi. Ọjà kò rọrùn o, nítorí ayédèrú àdìrẹ tí wọ́n ń tẹ̀ ní Ṣáínà pọ̀ lórí àtẹ, ó sì pọ́ọ́kú, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ojúlówó ń wá wa rí.

Mo ṣì ń lo oògùn mi déédéé, ìfúnpá mi sì ti wálẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà tó sọ òótọ́ fún mi, lọ́wọ́ ọkọ mi, lọ́wọ́ ìyá mi ní Ìtòkú, àti lọ́wọ́ àwọn ẹbí tí wọ́n kọ́kọ́ takò mí, nítorí àwọn náà ni wọ́n kọ́kọ́ ra aṣọ lọ́wọ́ mi. Olúwa tí ó lo gbogbo wọn ni ògo yẹ.